Aró Tó Ń Bo Egbò Mọ́lẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín lórí GV

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé lórí làpálàpá, mo mẹ́nu ba GV ní gbólóhùn kan péré, pé kì í ṣe òun ni oògùn àkọ́kọ́ tó yẹ kí èèyàn rà fún làpálàpá. N kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ni yóò bí gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú mi yìí. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé oògùn tí wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà ni mo fẹ́ sọ di májèlé; àwọn mìíràn ń bẹ̀rù nítorí ohun tí wọ́n gbọ́ láti òkè òkun. Mo mú mẹ́fà nínú wọn, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú. Fún ẹni tí kò bá mọ orúkọ náà, GV ni aró elésè àlùkò inú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, tí wọ́n máa ń fi òwú rà sí ojú egbò. Gentian Violet ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí i pé ahọ́n rẹ̀ àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ, mú ìgò GV kan jáde nínú báàgì wọn, wọ́n sì ń fi òwú rà á sí ọmọ lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n ní bí àwọn ṣe tọ́jú ọkọ mi náà nìyẹn. Láti àná, ọmọ kò mu ọmú dáadáa mọ́. Yóò gbà á sẹ́nu, yóò sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. N kò lè ní kí ìyá má ṣe é mọ́. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí yín tààrà kí ìwé yìí tó jáde, ṣùgbọ́n mo tún un sọ níhìn-ín fún ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tí kò mu ọmú dáadáa mọ́, kì í ṣe ọmọ tí à ń dúró wò nílé. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ohun yòówù kí ẹ rò pé ó fà á.

Lórí funfun inú ẹnu rẹ̀, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó mọ́ nù ún díẹ̀. Bí ó bá nù kúrò wẹ́rẹ́, omi ọmú tó dì síbẹ̀ ni, kò sì nílò oògùn kankan. Bí kò bá nù, tàbí tó jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ pupa bí ó ṣe ń ṣí, tó sì fẹ́ ṣẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kòkòrò tí a ń pè ní Candida, tó jẹ́ ìbátan ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyá ọkọ yín kò ti inú òkùnkùn mú ohun tí wọ́n ṣe wá. GV máa ń pa Candida lóòótọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sì ti kọ ọ́ sínú ìlànà tó ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú ọmọdé. Ṣùgbọ́n agbára tí ìlànà náà sọ fún inú ẹnu ni 0.25%. Ìgò tó pọ̀ jù lọ́jà jẹ́ 0.5% tàbí 1%, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n ń rà sí ọmọ yín lẹ́nu lè le ní ìlọ́po mẹ́rin ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìgò náà bá sì ti pẹ́ nínú báàgì, tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, omi inú rẹ̀ yóò ti máa fẹ́ lọ, aró nìkan ni yóò máa kù, yóò sì tún le sí i. Irú aró tó le bẹ́ẹ̀ máa ń bó awọ inú ẹnu ọmọdé, ó máa ń dá egbò síbẹ̀, èyí tí ọmọ bá sì gbé mì lè mú kí ó máa bì. Kò yà mí lẹ́nu pé ọmú ń dun ọmọ yín lẹ́nu.

Ẹ dá GV náà dúró. Oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ fún irú èyí báyìí ni nystatin olómi, tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu lẹ́yìn tó bá mu ọmú tán, fún iye ọjọ́ tí wọ́n bá sọ. Wọ́n yóò wo orí ọmú tiyín náà, nítorí pé bí ẹnu ọmọ bá sàn tí kòkòrò ṣì wà lórí ọmú ìyá, ìyá àti ọmọ yóò kàn máa kó o ran ara wọn ni. Bí funfun náà bá ń padà wá lemọ́lemọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ dáadáa, àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn lórí ohun tó ti kọjá. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín gbé ọmọ lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni mo ti rí tó jẹ́ pé, bí nọ́ọ̀sì bá ti fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn, àwọn gan-an ni yóò máa ṣọ́ agogo oògùn ọmọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó wà ní Kánádà pè mí lórí fóònù, ó ní kí n da ìgò GV mi nù, pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi rà mí lẹ́sẹ̀, mo sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ṣé kì í ṣe pé òyìnbó fẹ́ ta oògùn tuntun fún wa ni? — Bàbá Àgbà, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ìsàlẹ̀ wá, nítorí pé ìlú aláró ni ẹ ń gbé. Aró tí àwọn ìyá wa fi ń pa àdìrẹ ní Ìtòkú, inú ewé ẹlú ni wọ́n ti ń mú un jáde. Aró GV kò ní ewé kankan nínú. Òdòdó kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tó ń jẹ́ gentian, àwọ̀ òdòdó yẹn nìkan ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ aró náà lórúkọ. Kẹ́míkà tó ti inú ọ̀dà èédú wá ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1861, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Charles Lauth ti rí irú aró elésè àlùkò bẹ́ẹ̀ ṣe fún aṣọ. Ní 1884, Hans Christian Gram, dókítà ọmọ ilẹ̀ Denmark tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, fi í kun kòkòrò àrùn kí ó lè rí wọn dáadáa lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Nígbà tó fi máa di 1890, Jakob Stilling ní Strasbourg ti ń kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn apakòkòrò. Ẹ rántí pé kò sí pẹnisílíìnì nígbà náà. Ó di àwọn ọdún 1940 kí pẹnisílíìnì tó dé ọwọ́ àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ pípẹ́ tí aró yìí fi nìkan dúró ló sọ ọ́ di ará ilé. Ní Brazil, nígbà kan rí, wọ́n tilẹ̀ máa ń dà á sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí aláìsàn lára, láti pa kòkòrò àrùn Chagas tó lè fara pamọ́ síbẹ̀.

Ohun tí aró náà fi ń pa kòkòrò ló tún fa ìbẹ̀rù. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, yóò sì lẹ̀ mọ́ DNA, tó jẹ́ ibi tí àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀dá ẹ̀dá wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ pò ó mọ́ oúnjẹ eku fún ọ̀pọ̀ oṣù, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ yọ lára àwọn eku náà. Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ nínú oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní 1991, nítorí pé àwọn kan máa ń pò ó mọ́ oúnjẹ adìyẹ kí ó má baà bu. Ní 2019, àjọ ìlera ilẹ̀ Kánádà ní kí àwọn ará ìlú dáwọ́ dúró lórí gbogbo oògùn tó ní i nínú, ti èèyàn àti ti ẹranko. Èyí ni ọmọ yín gbọ́, kò sì parọ́. Ní 2021, àjọ IARC, tó jẹ́ ẹ̀ka tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi í sí ìpele 2B, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ lára èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lára èèyàn gan-an kò tó láti fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Eku jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin rà á sí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra, nítorí náà, ẹ má torí ohun tí wọ́n rà sí yín lẹ́sẹ̀ ní ilé ìwé pàdánù oorun. Ṣùgbọ́n bí èmi ni mo wà ní ipò yín, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni n ó gbọ́. Kánádà lè kọ̀ ọ́ pátápátá nítorí pé oògùn mìíràn kún ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní Abẹ́òkúta náà, ìpara tó dára fún awọ ara wà, owó rẹ̀ kò sì ga ju ohun tí apá yín ká lọ. Abúlé tí kò ti sí nǹkan mìíràn ni ìṣirò náà ti lè yàtọ̀. Ní ti pé òyìnbó fẹ́ tajà, GV náà ọjà òyìnbó ni, Bàbá.

Ìbéèrè: Àdá ṣá mi lẹ́sẹ̀ lóko ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ń fi GV rà á lójoojúmọ́. Ó ti gbẹ lókè, ṣùgbọ́n ó ń ro mí lábẹ́, ẹsẹ̀ sì ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní àtọ̀gbẹ. Ṣé kí n fi kún iye ìgbà tí a ń rà á ni? — Àgbẹ̀, Ìkirè.

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ fi oko sílẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò rẹ̀, kò kọjá ohun tí wọ́n lè gé bí a bá fi falẹ̀.

Lẹ́tà yín yìí ni mo tìtorí rẹ̀ pinnu láti fi gbogbo ojú ìwé yìí sọ̀rọ̀ GV. Gbogbo èèyàn ń bèèrè nípa jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo rí tí aró yìí ń ṣe jù lọ kì í ṣe jẹjẹrẹ: ó ń bo egbò mọ́lẹ̀. Ojú ni a fi ń ka egbò. Pupa tó ń tàn ká, dúdú tó fi hàn pé ẹran ara ti ń kú, ọyún àti àwọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni dókítà máa ń wò kí ó tó mọ ohun tó kàn. Bí a bá ti ra aró elésè àlùkò sórí rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọ̀ kan ṣoṣo ni yóò kù láti wò. Òkè yóò gbẹ bí èèpá, ẹni tó ni egbò yóò ní ó ti ń sàn, abẹ́ yóò sì máa jẹrà. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo dúró ti dókítà kan tó fi omi iyọ̀ wẹ aró kúrò lára ẹsẹ̀ aláìsàn kan fún àkókò pípẹ́ kí ó tó mọ ibi tí egbò náà dé. N kò gbàgbé ojú ọmọ aláìsàn náà nígbà tí abẹ́ aró yọ síta.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni aró yìí ń pa. Gram tí mo dárúkọ fún Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn kòkòrò kan máa ń di aró náà mú, tí àwọn mìíràn kì í dì í mú. Ní 1912, John Churchman ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn tó ń di aró mú ni aró náà máa ń pa jù, àwọn tó kù kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Nínú àwọn tí kò kà á sí yìí ni Pseudomonas wà, tó máa ń sọ ọyún di àwọ̀ ewé, tó sì fẹ́ràn egbò tó ti pẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn pé àdá ló ṣá yín àti pé inú erùpẹ̀ oko ni, kí wọ́n lè wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kí wọ́n wọn ṣúgà ara yín pẹ̀lú. Fún ẹlòmíràn tí àdá bá ṣá lọ́la: omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera rí i. GV kò ní iṣẹ́ kankan nínú ọgbẹ́ tó jìn.

Ìbéèrè: Mo wọ ilé oògùn mẹ́ta ní London, kò sí èyí tó tà GV fún mi. Abẹ́ ọrùn ọmọ mi ọlọ́dún kan pupa, ó sì ń rin. Ṣé kí màmá mi fi ránṣẹ́ láti ilé? — Ìyá Àìná, London.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí màmá fi ránṣẹ́. Ní Bìrìtìkó, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi lílo rẹ̀ mọ sórí awọ ara tí kò là, tí kò bó. Wọn kò fọwọ́ sí i fún inú ẹnu tàbí ojú egbò mọ́. Abẹ́ ọrùn tó ń rin ti kúrò nínú awọ tí kò bó. Ẹ gbé ọmọ lọ bá apòògùn, kí ó fojú rí i. Bí ó bá jẹ́ Candida, ìpara bíi clotrimazole ni yóò ṣeé ṣe kí ó fún yín. Kí ẹ sì máa nu abẹ́ ọrùn náà gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìwẹ̀ àti lẹ́yìn oúnjẹ, nítorí pé ìrinrin ni kòkòrò náà fẹ́ràn.

Ìbéèrè: Ṣé GV kò wá wúlò fún ohunkóhun mọ́ ni? Wọ́n ṣì ń kọ́ wa nípa rẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ni ká sọ fún àwọn ìyá tó ń fi í sí ìwọ́ ọmọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Iléṣà.

Ìdáhùn: Ó wúlò, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kéré. Níbi tí kò bá ti sí oògùn mìíràn, tí ọmọ ní ìléròrò ọlọ́yún díẹ̀ lára, ìlànà tó wà ni pé kí á fi omi àti ọṣẹ rọra fọ ọyún àti èèpá rẹ̀ kúrò, kí á jẹ́ kí ara gbẹ, kí á wá fi GV 0.5% rà á lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, kí á sì fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìléròrò bá pọ̀, tàbí tí ara ọmọ gbóná, ó ti kúrò ní ti aró. Mo tún ti rí i kí ó ran àkàndùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọyún tó dì sí abẹ́ èékánná. Òwú tí ẹ bá ti fi kan ara, ẹ má tún tì í bọ inú ìgò. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ojú, nítorí pé ó máa ń ṣe ẹyinjú léṣe, ẹ má sì rà á sí ojú ara. 1% ti pa awọ ara àwọn kan níbẹ̀. Làpálàpá ní ìpara tirẹ̀, ohun tí mo sọ nígbà yẹn náà ni mo tún ń sọ.

Ní ti ìwọ́, Nàìjíríà ti gba jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine wọlé fún un, 7.1% ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ìyá pé òun ni kí wọ́n bèèrè, kì í ṣe GV, kì í ṣe sípírítì, kì í ṣe ìgbẹ́ màlúù tàbí ọ̀rá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé ìdodo nìkan ni wọ́n ń fi í sí. Àwọn kan ti ṣì í mú fún oògùn ojú, ó sì ti ba ojú ọmọ jẹ́, ní orílẹ̀-èdè wa níbí pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Mo ra GV sí ibi tí irorẹ́ ti bó lójú ọmọbìnrin mi. Egbò náà ti jinná, ṣùgbọ́n àpá elésè àlùkò kù síbẹ̀ láti oṣù méjì. Ó tún ta sí ìró lèésì mi. Kí ni mo lè fi fọ̀ wọ́n? — Ìyá Adúláwọ̀, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Aró tó kan awọ tí kò bó máa ń ṣí kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan bí awọ ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Èyí tó bá wọ ojú ẹran pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lè dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fín ara, oṣù méjì sì ti jẹ́ kí ó dà bíi pé ti ọmọ yín wà nínú èyí. Ẹ má fi ọṣẹ abóra tàbí bílíìṣì kàn án. Ẹ mú un lọ bá dókítà awọ ara, kí ó wò ó bóyá ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe sí i. Ní ti ìró, ẹ tètè fi sípírítì nu ibi tó ta sí kí ẹ tó fi omi kàn án, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní etí aṣọ. Bí ó bá ti gbẹ wọ inú okùn lèésì, n kò ní tàn yín, yóò ṣòro kí ó tó kúrò.